Sẹ́kọ́ọ̀sì elérin ń bọ̀ ní ìlú wa: báwo la ṣe lè fẹ̀hónú hàn ní wọ́ọ́rọ́wọ́?

Ìyá Morẹ́nikẹ́ (Texas):

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ mi mú ìwé pélébé kan bọ̀ láti ilé ìwé, tó ní àwòrán erin tí wọ́n dé ní fìlà pupa, tí wọ́n sì kọ sí i pé ọmọdé kò ní san kọ́bọ̀, àfi òbí tó bá mú un wá. Sẹ́kọ́ọ̀sì (circus) ni, eré alárìnkiri tí wọ́n ti ń fi ẹranko dábírà, wọn yóò sì kó erin àti táígà wá sí gbọ̀ngàn ìṣeré ìlú wa. Àwọn aládùúgbò wa kan fẹ́ gbé pátákó dúró níwájú gbọ̀ngàn náà láti fi hàn pé inú wọn kò dùn sí bí wọ́n ṣe ń lo àwọn ẹranko yìí, wọ́n sì ti pè mí. Ó wù mí láti lọ, ṣùgbọ́n gíríìn káàdì ni mo ní, n kò tíì di ọmọ onílẹ̀, ọkọ mi sì ní kí n má fọwọ́ ara mi fa wàhálà wọlé. Ṣé òfin gba irú wa láyè? Bí ó bá sì gbà wá láyè, ọ̀nà wo ni a lè gbà ṣe é tí yóò fi já mọ́ nǹkan?

Ọmọ Èkìtì ní Houston:

Ẹ kú ìrònú, Ìyá Morẹ́nikẹ́. Ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ àti láti péjọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́ tó wà nínú òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò mọ sọ́dọ̀ ọmọ onílẹ̀ nìkan. Síbẹ̀, ọkọ yín kò ṣàṣìsọ, nítorí pé lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba ìwé ọmọ onílẹ̀, fọ́ọ̀mù tí ẹ óò kọ yóò béèrè bóyá ọlọ́pàá ti mú yín rí, kódà bí wọn kò bá tilẹ̀ gbé yín dé kóòtù.

Ibi tí ẹ bá dúró sí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ibi ìgbọ́kọ̀sí àti àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn náà lè jẹ́ ti aládàáni, ẹni tó ni ín sì lè ní kí ẹ kúrò níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ènìyàn díẹ̀ tí kò dí ọ̀nà kò nílò ìwé àṣẹ, àmọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti ìwọ́de tó bá gba ojú títì sábà máa ń nílò rẹ̀, nítorí náà ẹ tẹ ọ́fíìsì ìlú láago ṣáájú. Bí ọlọ́pàá bá ní kí ẹ sún sẹ́yìn, ẹ sún. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò bá wọn jiyàn lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ má sì pariwo mọ́ àwọn ọmọdé. Mo ti rí i tí obìnrin kan ń kígbe pé ìkà ni gbogbo wọn, tí ọmọ kékeré kan bú sẹ́kún, tí bàbá rẹ̀ fà á mọ́ra, tó sì wọlé kíákíá láìwo ẹ̀yìn. Ẹni tó rọra na ìwé sí àwọn àgbà tó wà lórí ìlà, tó kí wọn kú ọjọ́, ni wọ́n dáhùn.

Bàbá Ìjẹ̀bú:

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwa tí à ń gẹṣin níwájú Awùjalẹ̀ ní ọjọ́ Ojúde Ọba, ta ni yóò gbé pátákó dúró de tiwa? Ẹran ni ẹran ń jẹ́. Àwọn tó ń fi erin ṣiṣẹ́ náà ní aya àti ọmọ tí wọ́n ń bọ́.

Àdùkẹ́ (Manchester):

Ẹ kú àgbà, sà. Èmi náà fẹ́ràn Ojúde Ọba, bí ẹnikẹ́ni bá sì ń fìyà jẹ ẹṣin níbẹ̀, ó yẹ kí a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹṣin ti ń bá ènìyàn gbé láti ìgbà pípẹ́. Ẹranko igbó tó yẹ kó máa rin ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ọ̀wọ́ rẹ̀ ni erin, nínú sẹ́kọ́ọ̀sì sì rèé, inú ọkọ̀ àti inú ìdè ẹ̀wọ̀n ni yóò ti lo ọ̀pọ̀ ìgbà ayé rẹ̀, láti ìlú dé ìlú.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, erin kan wà tó ń jẹ́ Anne, tó ti darúgbó, tí oríkèé ń ro. Ní ọdún 2011, ẹgbẹ́ Animal Defenders International fi kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ ya bí olùtọ́jú rẹ̀ ṣe ń ta á nípàá, tó sì ń lù ú nígbà tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè é mọ́lẹ̀. Nígbà tí aráàlú rí i lórí tẹlifíṣọ̀n àti nínú ìwé ìròyìn, ariwo ta, wọ́n gbé Anne lọ sí ọgbà ẹranko Longleat, ilé ẹjọ́ sì dá ẹni tó ni ín lẹ́bi ní ọdún 2012. Síbẹ̀, ó di oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2020 kí òfin tó fòpin sí lílo ẹranko igbó nínú sẹ́kọ́ọ̀sì alárìnkiri ní England. Ẹṣin àti ajá kò sí nínú òfin náà, sà.

Akọ̀wé Kóòtù (New Jersey):

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí Bàbá sọ kì í ṣe kékeré. Ringling ni sẹ́kọ́ọ̀sì tó lókìkí jù lọ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n dá erin wọn dúró ní oṣù Èbìbí ọdún 2016, ọjà tíkẹ́ẹ̀tì tún lọ sílẹ̀ sí i, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pa ní 2017. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní 2023 wọ́n padà dé, ènìyàn nìkan ló ń ṣeré níbẹ̀ báyìí, kò sí ẹranko kankan.

Ìyá Morẹ́nikẹ́, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ jù ni ohun tí ẹ óò kọ sórí pátákó. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ẹranko kan pe Ringling lẹ́jọ́ ní 2000 nítorí erin. Ẹlẹ́rìí wọn pàtàkì jẹ́ ẹni tó ti bá sẹ́kọ́ọ̀sì náà ṣiṣẹ́ rí, ṣùgbọ́n ó hàn sí adájọ́ pé àwọn ẹgbẹ́ náà ló ń fún un lówó, adájọ́ kò sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Níkẹyìn, ASPCA, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ náà, san mílíọ̀nù 9.3 dọ́là fún ilé iṣẹ́ tó ni sẹ́kọ́ọ̀sì náà ní 2012, àwọn tó kù sì san mílíọ̀nù 15.75 ní 2014. Ọ̀pá onírin tí wọ́n fi ń wọ́ erin, tí ìwọ̀ wà lórí rẹ̀, tí wọ́n ń fi gún un lẹ́yìn etí àti ní ẹsẹ̀, kì í ṣe irọ́. Ẹlẹ́rìí tí wọ́n ń fún lówó ló ba ti àwọn tó sọ ọ́ jẹ́.

Nítorí náà, ẹ wá orúkọ sẹ́kọ́ọ̀sì náà lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀, USDA, tó ń fún wọn níwèé àṣẹ. Ìròyìn àwọn tó ń yẹ̀ wọ́n wò wà níbẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

Ẹ má sì fi mọ sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Nígbà tí Ringling kéde pé àwọn yóò mú erin kúrò, wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn pé ojú tí aráàlú fi ń wo ọ̀rọ̀ náà ti yí padà, àti pé òfin àwọn ìlú ńlá àti kékeré, tó yàtọ̀ síra wọn, ti sú àwọn. Los Angeles àti Oakland ti fòfin de ọ̀pá onírin yẹn kó tó di pé erin kúrò. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú ló máa ń fún aráàlú ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé wọn, wọn kì í sì í béèrè gíríìn káàdì. Bí gbọ̀ngàn náà bá jẹ́ ti ìlú, ìgbìmọ̀ yẹn gan-an ló lè pinnu ẹni tí wọn yóò yá a fún lọ́dún tó ń bọ̀.