Iṣẹ́ láíbìrì ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: ibi tí ọ̀rọ̀ forí tì sí

Ẹ ṣeun o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá mi lóhùn. Ohun tí mo béèrè ni ibi tí ẹni tó kàwé láíbìrì ti lè ríṣẹ́ níhìn-ín, yàtọ̀ sí ilé-ìwé.

Láíbìrì ìṣègùn ni mo fi ṣáájú: OOUTH, ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo, wà ní Ṣàgámù, ti Babcock wà ní Ìlíṣàn. Ẹ kọ́ ètò NLM tí wọ́n fi ń to ìwé ìṣègùn (lẹ́tà QS dé QZ fún ìmọ̀ ìpìlẹ̀, W fún ìṣègùn gan-an) àti MeSH, àkójọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe kókó-ọ̀rọ̀ ìṣègùn. PubMed, ibi tí wọ́n ti ń wá àpilẹ̀kọ ìṣègùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ń dójú ti ọ̀pọ̀: wọ́n á tẹ “malaria” nìkan, èsì á ya bo wọn. Ẹ fi OR kó orúkọ àìsàn kan náà jọ, kí ẹ wá fi AND so ó mọ́ ohun tí dókítà ń wá gan-an. Ní ti Hinari, ètò WHO tó ń jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ka jọ́nà ìṣègùn lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú, ilé-iṣẹ́ ló ń forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe ẹnì kan.

Láíbìrì agbẹjọ́rò kéré, ṣùgbọ́n kò gba àìbìkítà: bí apá kan bá sọnù nínú Nigerian Weekly Law Reports, ìwé tó ń tẹ ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ jáde, ẹjọ́ tí lọ́yà fẹ́ tọ́ka sí lè má sí lárọ̀ọ́wọ́tó.

Ọ̀fẹ́ ni Koha, ètò kọ̀ǹpútà tí láíbìrì fi ń ṣàkọsílẹ̀ ìwé. Ẹ fi ogún ìwé dánra wò kí wọ́n tó pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Kẹ́ ẹ sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ LRCN, àjọ ìjọba tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì sílẹ̀ ní Nàìjíríà, dandan ni. Mo ti pa ìjíròrò yìí dé.