Agogo àti gángan nínú Sonic Pi: kí ló dé tí wọn ò bára mu?

Ọmọ_Agogo:

Ẹ kú ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo kóòdù yìí. Mo fẹ́ kí Sonic Pi, ètò kọ̀ǹpútà tí a ń fi kóòdù kọ orin, máa lu agogo kọ́nkóló, kí gángan sì máa sọ̀rọ̀ lé e lórí. Mo rí i pé `spread 7, 12` lè pín ìró méje sínú àyè méjìlá, ni mo bá kọ èyí:

```
use_bpm 90
live_loop :konkolo do
  sample :perc_bell if (spread 7, 12).tick
  sleep 0.25
end

live_loop :gangan do
  sync :konkolo
  play 57
  sleep 0.5
  play 48
  sleep 2.25
end
```

Ohun mẹ́ta ló ń dà mí láàmú. Ìró méje náà pé, ṣùgbọ́n etí ò gbà pé kọ́nkóló ni. Ìró agogo ń wọnú ara wọn títí gbogbo ẹ̀ fi ń hó. Bí mo bá sì pa gángan tí agogo ṣì ń lọ, tí mo tún wá dá gángan padà, ibòmíràn ló máa bọ́ sí.

Àgbà_Lúùpù:

Pẹ̀lẹ́ o. `spread` ò purọ́, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ló yàtọ̀. Ìyípo kan náà ni, àmọ́ bí ẹni bá bẹ̀rẹ̀ orin láti àárín gbólóhùn, ta ni yóò dá orin náà mọ̀? Tẹ `puts (spread 7, 12)` kí o fi ojú ara rẹ rí i.

Ẹnu ni kí o kọ́kọ́ fi lù ú kí o tó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù: *kọ́n kọ́n kóló, kọ́n kóló*. Sílébù méje, ìró méje. Wàá fo àyè kan lẹ́yìn «kọ́n» kọ̀ọ̀kan, o ò ní fo nǹkan kan láàárín «kó» àti «ló», wàá sì fo àyè kan lẹ́yìn «ló». Kà á: 2, 2, 1, 2, 2, 1, 2. Méjìlá gééré. Bí a bá kọ ọ́ bí ẹnu ṣe pè é, èyí ló máa jẹ́:

`1,0,1,0,1,1,0,1,0,1,1,0`

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ oníjó kì í sábà bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹnu ti bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ bọ́ sórí «ló» ti kóló àkọ́kọ́, kí o wá ka ìyípo láti ibẹ̀:

`1,0,1,0,1,1,0,1,0,1,0,1`

Èyí ni kí o lò. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú àyè méjìlá, ní àyè 1, 4, 7 àti 10. Agogo pàdé ẹsẹ̀ ní 1 àti 10 nìkan. Ní 4 àti 7, ẹsẹ̀ máa balẹ̀ síbi tí agogo ti dákẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni adùn ìlù yìí wà. Bí agogo rẹ bá ń pàdé gbogbo ẹsẹ̀, a jẹ́ pé o ti sọ ọ́ di ìlù ológun.

Ohùn tó ń hó: `:perc_bell` máa ń pẹ́ nílẹ̀ púpọ̀. `puts sample_duration(:perc_bell)` á sọ iye rẹ̀ fún ọ. Ìdá kan nínú mẹ́fà ìṣẹ́jú àáyá ni àyè kan gbà lórí `use_bpm 90`, nítorí náà ìró tuntun ti ń dé kí ti àná tó lọ. Mú `:drum_cowbell`. Ó kúrú, ó sì gbẹ bí agogo irin.

Ti gángan ló wá le jù. Gbogbo ìgbà tí live_loop (lúùpù, kóòdù tó ń tún ara rẹ̀ ṣe) bá padà sí orí ara rẹ̀ ló máa ń pariwo orúkọ ara rẹ̀; `sync` ló ń mú gángan dúró de ariwo yẹn. Lúùpù agogo rẹ ò gùn ju àyè kan lọ, torí náà ó ń pariwo «konkolo» nígbà méjìlá nínú ìyípo kan. Èyí tí gángan bá kọ́kọ́ gbọ́ ló máa bá wọlé. Jẹ́ kí ìyípo odidi wà nínú lúùpù kan, kí ó lè pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo:

```
use_bpm 90
live_loop :konkolo do
  k = (bools 1,0,1,0,1,1,0,1,0,1,0,1)
  12.times do |i|
    sample :drum_cowbell, amp: 0.5 if k[i]
    sample :bd_haus, amp: 0.8 if i % 3 == 0
    sleep 0.25
  end
end
```

Ìlà `:bd_haus` yẹn ni ẹsẹ̀. Fi sílẹ̀ títí etí rẹ á fi mọ ọ̀nà, kí o tó fi `#` pa á lẹ́nu. Ìyípo kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá méjì gbáko, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Bí o bá fẹ́ kí ó yá sí i, `use_bpm` ni kí o yí. Má fọwọ́ kan `sleep`.

Ohùn_Ìlù:

Ẹ̀gbọ́n ti bá wa tán ti agogo. Ẹ jẹ́ kí n mú ti gángan, torí `play 57` lásán ò lè sọ̀rọ̀. Dùùrù nìyẹn, kì í ṣe gángan. Ọṣán ni onílù ń fún mọ́ abẹ́ apá, ohùn á gòkè. Ó tú u sílẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Yíyọ̀ yẹn la ní láti rí nínú kóòdù, `note_slide` ló sì ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká mú «Ó dàárọ̀». «Ó» wà lókè. «Dàá» bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì gòkè. «Rọ̀» wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ẹnu ara yín dáadáa: ohùn ìsàlẹ̀ tó bá tẹ̀lé ohùn òkè kì í já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, ńṣe ló máa ń yọ̀ wálẹ̀. Bí ẹ bá fi `48` gún un ṣánṣán, ó máa dà bí àlejò tó ń kọ́ èdè. Nítorí náà, lókè díẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀:

```
define :lu do |ibere, ipari|
  s = synth :tri, note: ibere, note_slide: 0.12,
    attack: 0.005, sustain: 0.1, release: 0.2
  control s, note: ipari
end

live_loop :gangan, sync: :konkolo do
  lu 57, 57
  sleep 0.5
  lu 48, 57
  sleep 0.5
  lu 54, 48
  sleep 2
end
```

Ẹ ro `sleep` mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: 0.5, 0.5, 2. Mẹ́ta ni. Ti agogo náà, 12 lọ́nà 0.25, mẹ́ta ni. Wọn ò ní ya ara wọn láé. Bí gángan bá jẹ́ 2.75, á máa fi àyè kan ṣíwájú ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìyípo méjìlá á tún padà pàdé agogo, ìyẹn sì máa ń tan èèyàn jẹ pé ó ti tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ rí i pé mo gbé `sync:` síta, sórí ìlà live_loop. Níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló ń dúró de agogo kó tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá dákẹ́ fún ìyípo kan lẹ́yìn tí ẹ tẹ Run, ó ń retí agogo ni.

Fún ohùn àárín, ẹ má fi dandan lé nọ́ńbà odidi. Sonic Pi gba `52.4`. Ìlù wa kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù, bí ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì bọ́ sórí ohùn dùùrù gééré, fèrè ló máa dà bí.

Ọmọ_Agogo:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Agogo ti dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n mo yí orúkọ padà sí `:kọ́nkóló` pẹ̀lú àmì ohùn, gángan sì dákẹ́ pátápátá láti ìgbà náà. Kò sí àṣìṣe kankan tó yọ. Mo tún gba ohùn gángan gidi sórí fóònù, faili m4a, Sonic Pi kò gbà á.

Alátúnṣe_Ohùn:

Yọ àmì ohùn kúrò nínú orúkọ lúùpù. Kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà méjì láti kọ «ó»: lẹ́tà kan ṣoṣo tó ti gbé àmì rẹ̀ dání, tàbí «o» tí àmì tẹ̀ lé lọ́tọ̀. Kíbọ́ọ̀dù fóònù lè lo ọ̀kan, ti kọ̀ǹpútà lo èkejì. Ojú rẹ á rí orúkọ kan náà, Sonic Pi á rí orúkọ méjì. Gángan rẹ ṣì ń dúró de agogo tí kò sí, àti pé dídúró kì í ṣe àṣìṣe lójú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sọ nǹkan kan. `:konkolo` ti tó. Fi àmì rẹ sínú àlàyé lẹ́yìn `#`.

Ti m4a: ṣí i nínú Audacity, ètò tí a fi ń tún ohùn ṣe (lórí Windows, wàá ní láti fi FFmpeg, àfikún tó ń jẹ́ kó lè ka m4a, kún un kó tó lè ṣí i), kí o sì gbé e jáde bíi WAV. Kí o tó gbé e jáde, fẹ ojú rẹ̀ títí wàá fi rí ibi tí ọ̀pá kan awọ, kí o gé gbogbo ìdákẹ́jẹ́ tó wà níwájú rẹ̀. Ìdá ọgbọ̀n nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá péré tó bá ṣẹ́kù, ìlù á máa pẹ́ dé, wàá sì rò pé kóòdù ló bàjẹ́. Tẹ Z kí o tó gé, kó má baà máa ta «pá» níbẹ̀rẹ̀.

Ní Windows, ọ̀pá tó dà sí iwájú ni kí o fi kọ ojú ọ̀nà faili, báyìí: `sample "C:/ilu/gangan.wav"`. Ọ̀pá tó dà sẹ́yìn ní iṣẹ́ mìíràn láàárín àmì ọ̀rọ̀, kò ní rí faili náà.

Bí o bá fẹ́ fi `with_fx :reverb` (tó ń mú kí ohùn dún bíi pé inú gbọ̀ngàn ló wà) kún un, fi yí live_loop ká láti òde. Bó bá wà nínú, ìyípo kọ̀ọ̀kan á máa dá tuntun sílẹ̀, kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ kéré á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣaṣa. Bọ́tìnì Rec á fún ọ ní WAV, tó máa ń tó bíi 10 MB fún ìṣẹ́jú kan, nítorí náà sọ ọ́ di mp3 kí o tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.