Ẹ gbà mí o, wọ́n ní gíà ọkọ̀ mi ti kú

Ìyá Ìbejì: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ti sú mi. Àbúrò ọkọ mi ló bá wa rà á, ó búra pé kò ní wàhálà. Látìgbà náà, owó ló ń jẹ. Ọkọ mi ní mi ò mọ ọkọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ kó tó fẹ́ mi ni mo ti ń wakọ̀. Tí mo bá ń gun òkè Màpó báyìí, màá tẹná mọ́ ọn títí, ẹ́ńjìnnì á máa pariwo, ọkọ̀ ò ní sáré. Mẹkáníìkì ní kí n ra gíà tòkunbọ̀. Ṣé kí n rà á?

Bàbá Rẹ̀mí: Ẹ má dá a lóhùn! Wọ́n sọ gíà tèmi náà kalẹ̀, a ra òmíràn, àṣé wáyà ló já. Ẹ fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò.

Àdùkẹ́: Ẹ̀yin náà, kí lẹ ń wò látọjọ́ yìí?

Ọ̀gá Gíà: Ṣé ọ̀tòmátíìkì ni? Tẹ́ ẹ bá fi gíà sí D, ìyẹn ibi tí ọkọ̀ fi ń lọ síwájú, ṣé ó ń pẹ́ kó tó mú? Ọ́ìlì gíà ńkọ́, àwọ̀ wo ló ní?

Ìyá Ìbejì: Ọ̀tòmátíìkì ni. Ó ń pẹ́, pàápàá láàárọ̀. Ọ́ìlì wà níbẹ̀ dáadáa. Ṣé kí n ra gíà ni àbí kí n má rà á?

Bàbá Rẹ̀mí: Kí ló kan àwọ̀? Ẹ tà á.

Ọ̀gá Gíà: Ó kàn án, sà. Ọ̀pọ̀ ọ́ìlì gíà, pupa tó mọ́ ni. Tó bá dúdú tó ń rùn bí ohun tó jóná, àwọn pọ́léètì inú gíà ti ń jó. Ìyá Ìbejì, ẹ fi aṣọ funfun nu díẹ̀ nínú ọ́ìlì gíà náà, kẹ́ ẹ wo àwọ̀ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ó rí bíi yógọ́ọ̀tì, ó pupa rẹ́súrẹ́sú. Látìgbà tí wọ́n ti fi rédíétọ̀ tòkunbọ̀ sí i ni mo ti ń bu omi sí i láràárọ̀. Ẹ má ní èmi ni mo fà á o, mẹkáníìkì ló ní kí n máa bù ú.

Ọ̀gá Gíà: Áà! Ẹ pa ọkọ̀ yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọ̀tòmátíìkì, inú rédíétọ̀ ni ọ́ìlì gíà ti ń tutù. Tí ibẹ̀ bá lu, omi á wọnú gíà, á ṣí gọ́ọ̀mù ara àwọn pọ́léètì. Tẹ́ ẹ bá ra gíà láì pààrọ̀ rédíétọ̀, òun náà á bàjẹ́. Rédíétọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀, kí wọ́n fọ gbogbo ọ́ìlì yẹn dànù, kí wọ́n da èyí tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ sí i. Lẹ́yìn náà la ó mọ̀ bóyá gíà ṣì ń mú.

Àdùkẹ́: Ta ló yẹ kó san owó yẹn? Mẹkáníìkì ni!

Ìyá Ìbejì: Kò gbé fóònù mọ́. Ṣé mo lè rọra wà á lọ sí Ìwó Road?

Ọ̀gá Gíà: Rárá o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀ tó bàjẹ́ wá gbé e.