Lára mi ni èsì HIV ti kọ́kọ́ jáde, ni wọ́n bá ní èmi ni mo kó o wálé

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà wá fi tiyín kún un.

Oyún oṣù mẹ́rin ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo àwa aláboyún, wọ́n wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: HIV wà lára mi. Nọ́ọ̀sì náà fara balẹ̀ ṣàlàyé oògùn. Ó ní bí mo bá ń lò ó déédéé, kò dájú pé ọmọ máa kó o. Ọmọ yẹn ti pé ọdún mẹ́fà, kò ní in.

Ṣùgbọ́n kò bi mí pé ta ni mò ń bá gbé, àti pé kí ni ẹni náà máa ṣe bó bá gbọ́. Ó kàn ní kí n mú ọkọ mi wá ni. Mo sọ fún ọkọ mi lálẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹrù mi ti wà níta. Òun kò sì yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wò rí! Ọ̀nà aláboyún ni ọ̀pọ̀ wa ń gbà débi àyẹ̀wò, àwọn ọkùnrin ò sì nírú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò kì í sọ ẹni tó kọ́kọ́ kó o.

*

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, arábìnrin. Ọkùnrin ni mí. Nígbà tí wọ́n rí HIV lára ìyàwó mi, n kò lé e, ṣùgbọ́n mo ní ara mi le. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo lọ sílé ìwòsàn, àwọn ìyá ọlọ́mọ ló kún ibẹ̀, ojú ń tì mí, mo yí padà. Lẹ́yìn ọdún méjì, ikọ́ ẹ̀gbẹ gbé mi dé ọsibítù. CD4 mi, ìyẹn iye sójà ara tó ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀, ti wálẹ̀ sí 61, bẹ́ẹ̀, tí kò bá ti tó 200, AIDS ni wọ́n ń pè é. Ìyàwó mi tó ti ń lo oògùn tirẹ̀ látọjọ́ yìí ló ń bu omi sí mi lẹ́nu. Ọkùnrin kan tí òun náà ní kòkòrò yìí ló wá jókòó tì mí tí mo fi gbà láti bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ká ní mo ti rí irú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni!

*

Tèmi kò ti ilé wá. Lọ́dún 2018, wọ́n kìlọ̀ pé dolutegravir, oògùn HIV kan, lè fa àbùkù ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ fún ọmọ inú, nítorí ohun tí wọ́n rí ní Botswana. Efavirenz, oògùn HIV mìíràn tí mò ń lò nígbà yẹn, ń fún mi ní òòyì àti àlá burúkú. Wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní dolutegravir, wọ́n ní kí n máa lo tèmi lọ torí mo ṣì lè bímọ. Mo ní n kò fẹ́ bímọ, mo sì ń fètò sọ́mọ bíbí. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Lọ́dún 2019 ni àjọ WHO ní kí obìnrin náà máa lò ó, torí ewu náà kéré sí bí wọ́n ṣe rò.

*

Àbúrò, ó dùn mí. Èmi tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni. Èmi náà ti ń bá àwọn aláboyún jókòó báyìí. Kí n tó dárúkọ oògùn, mo máa ń béèrè ẹni tó wà nílé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan ní, "Àǹtí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀ ná." A jọ wá ibi tó máa tọ́jú oògùn rẹ̀ sí.