Ọ̀kadà mi kì í fà bó bá di ojú òkè: ṣé kí n pààrọ̀ sprocket?

Ọmọ Olókòó, Ìdànrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó fi owó ṣòfò.

Oko kòkó ni mo fi ọ̀kadà mi ń ṣiṣẹ́ sí. Ẹ́ńjìnì 100 cc ni, jíà mẹ́rin ló ní. Àpò kòkó gbígbẹ kan ni mo máa ń dì sẹ́yìn, ó ń lọ sí bíi kílò 63. Nígbà míì, ẹni tó ni kòkó á tún ní òun fẹ́ bá mi lọ. Lójú ọ̀dà, kò sí wàhálà. Òkè kan tí a máa ń gùn jáde láti oko ló ń bá mi jà. Kò gùn ju ìdajì kìlómítà lọ, àmọ́ ó ga, òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ pupa ló sì kún ibẹ̀. Bí mo bá fi jíà kìíní gùn ún, ẹ́ńjìnì á máa ké bí ẹni tí wọ́n ń nà, àwọn ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn á sì máa kọjá lára mi. Bí mo bá sún un sí jíà kejì, kò ní pẹ́ tí á fi máa gbọ̀n, á sì kú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kú sójú òkè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí padà sẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù. Ọpẹ́lọpẹ́ igi kan tí mo fara tì.

Mẹkáníìkì kan ní kí n ra sprocket ẹ̀yìn (irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé) tó tóbi. Èkejì ní iwájú ni kí n fi kékeré sí. Ẹ̀kẹta ní ká tú ẹ́ńjìnì. Mo ti ka eyín sprocket méjèèjì fúnra mi: iwájú 14, ẹ̀yìn 42. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn?

Akínkanjú Ojú Ọ̀dà

Àbúrò, tà á kó o ra 150 cc. Ọ̀rọ̀ parí.

Ọmọ Olókòó, Ìdànrè

Ẹ̀gbọ́n, bí owó 150 bá wà lọ́wọ́ mi, ṣé ìbéèrè sprocket ni mo máa máa béèrè?

Bàbá Sípánà, Ẹ̀fọ̀n Aláayè

Ọmọ mi, kó o tó ná kọ́bọ̀, dá mi lóhùn ná. Nígbà tó bá fẹ́ kú ní jíà kejì yẹn, ṣé ohùn ẹ́ńjìnì ń lọ sókè ni àbí ó ń lọ sílẹ̀?

Bí ohùn bá ń lọ sókè tí ọ̀kadà ò sì rìn, kílọ́ọ̀ṣì, èyí tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì fún jíà, ló ń yọ̀. Kódà kó o gbé sprocket tó fẹ̀ tó agbada gààrì sẹ́yìn, kílọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ tán ò ní gbé e.

Ọmọ Olókòó, Ìdànrè

Ó ń lọ sílẹ̀ ni, bàbá. Á máa dún gbù, gbù, gbù bí ìgbà téèyàn ń gúnyán, á wá dákẹ́.

Bàbá Sípánà, Ẹ̀fọ̀n Aláayè

Ó dáa, kì í ṣe kílọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ẹrù ló wúwo jù fún jíà tó wà lórí rẹ̀. Àmọ́ má tíì lọ sọ́jà. Gbé ọ̀kadà sórí double stand, fi sí free, kó o fọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn. Bí kò bá yí wọ́rọ́wọ́rọ́, bíréèkì ẹ̀yìn ń mú un tàbí ṣéènì ti le jù. Lẹ́yìn náà, yọ fílítà atẹ́gùn wò. Ẹni tó ń gun iyẹ̀pẹ̀ pupa ní ọ̀gbẹlẹ̀, fílítà rẹ̀ kì í pẹ́ dí, ẹ́ńjìnì tí kò sì rí atẹ́gùn mí ò lè gun òkè. Ẹ tún wo afẹ́fẹ́ táyà. Èyí ò ná ẹ lówó. Mo ti rí ẹni tó ra sprocket méjì nígbà tó jẹ́ pé bíréèkì ló mú táyà rẹ̀ látàárọ̀.

Bí gbogbo ìyẹn bá dáa, iwájú ni kó o fọwọ́ kàn, kó o lọ sí 13. Má lọ sí 12 o. Bí sprocket iwájú bá ti kéré jù, ṣéènì á máa ká jù lórí rẹ̀, á tètè gbó, á sì máa jẹ rọ́bà tó wà lórí apá táyà ẹ̀yìn.

Bó o bá ń lọ rà á, mú ògbólógbòó yẹn dání. Kì í ṣe iye eyín nìkan là ń wò. Ihò àárín rẹ̀ ní láti bá irin tó ti inú ẹ́ńjìnì jáde mu, ìbú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ṣéènì mu. Wo ara ṣéènì tìrẹ, ó ṣeé ṣe kó o rí 428 lára rẹ̀, nọ́ńbà ìwọ̀n ṣéènì nìyẹn. 420 àti 428, àlàfo eyín wọn dọ́gba, mílímítà 12.7 ni, àmọ́ 420 tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ti kó sí pàǹpẹ́ yẹn lọ́jà, wọ́n á délé kí wọ́n tó mọ̀.

Tíṣà Físíìsì

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kún ọ̀rọ̀ bàbá. 42 pín sí 14 jẹ́ 3. Ìyẹn ni pé sprocket iwájú ní láti yí ní ìgbà mẹ́ta kí táyà ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bó bá di 13, 42 pín sí 13 jẹ́ 3.23. Fífà tó dé ilẹ̀ á fi bíi ìdá 8 nínú 100 lé sí i, eré á sì dín kù ní ìwọ̀n kan náà: ohùn ẹ́ńjìnì tó ń gbé ọ lọ ní kìlómítà 60 ní wákàtí kan tẹ́lẹ̀ á máa gbé ọ lọ ní bíi 56 báyìí. Agbára ẹ́ńjìnì ò pọ̀ sí i rárá o. Eré lo fi ṣe pààrọ̀ fún fífà.

Ìwọ tó o jẹ́ ará Ìdànrè, o mọ àtẹ̀gùn òkè yín. Ẹni tó ń fo méjì méjì á kọ́kọ́ yára. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ ẹrù lé e lórí, kíá ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Eyín 13 kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn kì í rò. Sprocket máa ń fa gbogbo jíà sílẹ̀ pọ̀ ni. Àlàfo tó wà láàárín jíà kìíní àti ìkejì ṣì wà bó ṣe wà. Jíà kìíní rẹ tó ń ké yẹn á tún ké sí i. Ìrètí wa ni pé ìkejì á wá lè gbé ẹrù náà, tí o ò fi ní nílò ìkíní mọ́.

Akínkanjú Ojú Ọ̀dà

Tíṣà, kí ló dé tí kò ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà? 13 níwájú, 45 lẹ́yìn.

Tíṣà Físíìsì

Ìyẹn á jẹ́ 3.46, fífà á fi bíi ìdá 15 nínú 100 lé sí i. 60 á di 52. Ẹni tí kì í jáde nínú oko lè ṣe é. Ẹni tó bá máa fi gbé èrò lọ Àkúrẹ́, etí rẹ̀ á gbọ́ ọ. Àti pé 45 pẹ̀lú 14 jẹ́ 3.21. Bẹ́ẹ̀ ni, eyín kan níwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iṣẹ́ eyín mẹ́ta lẹ́yìn.

Ìyá Ọlọ́kadà, Aládé

Ẹ má bínú pé mo dá sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin. Ọ̀kadà méjì ni mo fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń gùn ún, tí wọ́n ń jíṣẹ́ owó fún mi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn lọ fi 45 sẹ́yìn láìsọ fún mi. Òkè ò jẹ́ nǹkan fún un mọ́, n ò lè purọ́. Àmọ́ ṣéènì ò dé ibi tó yẹ kó dé mọ́. Ó fa táyà wá síwájú títí tí kò fi sí ibi tí wọ́n lè fà á sí mọ́, ó sì tún ń ha páànù tó bo ṣéènì, kè-kè-kè, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ pé ọ̀kadà mi ń bọ̀. Ìgbẹ̀yìn, èmi ni mo ra ṣéènì tó gùn. Ẹ gbọ́ ti Bàbá Sípánà, iwájú ni kẹ́ ẹ ṣe.

Bàbá Sípánà, Ẹ̀fọ̀n Aláayè

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Bó ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn. Eyín mẹ́ta lẹ́yìn á fa táyà síwájú tó bíi mílímítà 10. Eyín kan tó dín níwájú kò ju bíi mílímítà 3 lọ, sẹ́yìn ni táyà sì máa lọ, ṣéènì tó wà nílẹ̀ á gbà á.

Ọmọ Olókòó, gbọ́. Wo eyín 42 ẹ̀yìn yẹn dáadáa. Bí orí wọn bá ti tẹ̀ bí ìkọ́, pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: iwájú, ẹ̀yìn àti ṣéènì. Ṣéènì tó ti gbó máa ń jẹ sprocket tuntun run. Bí wọ́n bá ń de ṣéènì padà, ojú kílíìpù tó dí ni kó kọ síbi tí ṣéènì ń yí lọ, ojú tó là kọ sẹ́yìn. Kí ṣéènì máa dẹ̀ díẹ̀ lábẹ́, bíi mílímítà 25 sí 30, kó o sì tún wò ó pẹ̀lú ẹrù lórí rẹ̀ bóyá ó ṣì dẹ̀, torí bí ẹ̀yìn ọ̀kadà bá ti rọlẹ̀, ṣéènì á le sí i.

Ọmọ Olókòó, Ìdànrè (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì)

Ẹ̀yin àgbà, mo padà wá jíṣẹ́.

Fílítà ni mo kọ́kọ́ yọ. Bàbá, ojú tì mí. Iyẹ̀pẹ̀ tí mo gbọ̀n jáde tó láti fi gbin ẹ̀fọ́. Mo fọ̀ ọ́, ọ̀kadà sàn díẹ̀, àmọ́ jíà kejì ṣì ń kú. Ni mo bá ra 13. Mẹkáníìkì tó bá mi dè é kọ kílíìpù yẹn sódì, mo ní kó yí i, ó ní ta ló kọ́ mi níṣẹ́. Mo dúró tì í títí tó fi yí i.

Ní báyìí, àpò kan ń gun òkè yẹn ní jíà kejì láìgbọ̀n. Àpò kan pẹ̀lú olówó rẹ̀ ṣì ń fẹ́ jíà kìíní, mo ti wá sọ fún wọn pé kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ nísàlẹ̀ òkè. Àwọn kan ń kùn. Lọ́nà Àkúrẹ́, òótọ́ ni tíṣà sọ: mo máa ń ṣèèṣì fẹsẹ̀ wá jíà karùn-ún tí kò sí.

Ìyá Ọlọ́kadà, Aládé

Ṣé wàá ta 14 tó o yọ yẹn?

Ọmọ Olókòó, Ìdànrè

Rárá, mà, ó wà lórí àjà. Bí kòkó bá parí ní Fẹ́búárì, èrò ni mo máa ń gbé, mo fẹ́ dá a padà nígbà yẹn.

Bàbá Sípánà, Ẹ̀fọ̀n Aláayè

Wọn ṣéènì kó o tó dá a padà. Na ogún ojú rẹ̀ gbọnrangandan, kó o fi tépù wọ̀n ọ́n. Mílímítà 254 ni tuntun. Bó bá ti kọjá 259, má dè é mọ́ 14 yẹn.

Ọmọ Olókòó, Ìdànrè

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n ọ́n báyìí, bàbá. 257.