Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi fóònù jábọ̀ ara yín fún dókítà kíndìnrín, báwo ló ṣe ń rí?

Màmá Ìbejì Peckham: Ẹ kú ilé o. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú kíndìnrín màmá mi níbí ní London ní kí wọ́n máa kún fọ́ọ̀mù lórí fóònù, ṣé ara ń yún wọn, ṣé ẹsẹ̀ wú, ṣé oúnjẹ ń wù wọ́n jẹ, ṣé wọ́n ń rí oorun sùn, kí wọ́n fi nọ́ńbà sí i láti òdo dé mẹ́rin. Wọn ò tíì dé ìdí dàyálísíìsì, ẹ̀rọ tó ń bá kíndìnrín fọ ẹ̀jẹ̀, o. Ṣé ẹnì kankan tiẹ̀ ń kà á?

egba_boy: Wọ́n ń kà á.

Ṣadé: Níbi tèmi, títí mo fi dé kílíníìkì dókítà ò tíì ṣí i wò, mo wá ń fẹnu tún gbogbo ẹ̀ sọ. Ṣùgbọ́n mi ò jáwọ́, torí ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí kì í fẹ́ dúró sójú kan lálẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ kíndìnrín ni.

Lékan B'ham: Ẹ jẹ́ n sọ ti bàbá mi. Èmi ni mo máa ń bá wọn kún un, màá pè wọ́n, màá ní bàbá ẹsẹ̀ yín ńkọ́, wọ́n á ní a dúpẹ́. Èémí ńkọ́? Ọlọ́run ò fi wá sílẹ̀. Ara ń yún yín? Ara le koko. Bí mo ṣe ń tẹ òdo, òdo, òdo nìyẹn. Ìgbà tí mo wá dé ọ̀dọ̀ wọn, orí àga ni wọ́n ń sùn, torí tí wọ́n bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí èémí á há. Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ wọn, mo fi ìka tẹ ojúgun, ó jìn wọnú, kò tètè padà. Omi ti kún ara títí dé ẹ̀dọ̀fóró. Òru ọjọ́ náà la gbé wọn lọ, Ọlọ́run ló yọ wá.

Jùmọ̀kẹ́: Háà! Bàbá mi gan-an lẹ sọ yìí. Wọn ò ní fẹnu ara wọn pe àìsàn láéláé.

Akin_Osun: Ẹ má dá bàbá lẹ́bi, ta ló ń bi àgbàlagbà nírú ìbéèrè yẹn? Ẹ bi wọ́n pé ìrọ̀rí mélòó lẹ gbé sórí lánàá, ṣé bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń wọ̀ yín. Wọ́n á dáhùn.

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn: Ẹ ṣeun, Akin. Níbí, WhatsApp lásán la fi ń ṣe tiwa. Láàárọ̀, tí wọ́n bá ti tọ̀ tán, kí wọ́n tó jẹun, kí wọ́n gun òṣùwọ̀n, kí wọ́n ya nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́, kí wọ́n ya ẹsẹ̀ náà, ká sì mọ bíìpíì, ìyẹn ìfúnpá wọn. Òṣùwọ̀n ò mọ a dúpẹ́. Tí kílò méjì bá fi ọjọ́ méjì gorí èèyàn, omi ni, kì í ṣe ẹran ara. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò bá lè mí, ẹ má wulẹ̀ tẹ nǹkan kan ránṣẹ́, ẹ gbé e wá.

Kúnlé: Fọ́ọ̀mù kọ́ ni ìṣòro nílé, owó ni. Ìjọba dín dàyálísíìsì kù láti 50,000 sí 12,000 náírà lọ́dún 2025 láwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni o, ẹ fi owó ọkọ̀ kún un. Ta ló ń rò ti dátà?

Jùmọ̀kẹ́: Kúnlé, tẹ́ ẹ bá tètè sọ ohun tó ń ṣe yín, ó lè pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé ìdí ẹ̀rọ yẹn. Owó náà là ń sọ.

Kúnlé: Tí dókítà tó máa gbọ́ bá wà.

egba_boy: Fọ́ọ̀mù yẹn ò bèèrè àgbo o.

Akin_Osun: Kí ni àgbo ṣe? Ṣebí àwọn bàbá wa mu ún.

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn: Akin, ẹ jọ̀ọ́. Ta ló mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn? Kíndìnrín tó ti ń ṣàìsàn ò lè rù ú. Àti ibuprofen àti diclofenac tẹ́ ẹ ń rà ní kẹ́míìsì torí orúnkún, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀.

Akin_Osun: Èyí tí ìyá mi ń sè, ojú mi ni wọ́n ṣe ń já ewé ẹ̀.

Màmá Ìbejì Peckham: Ẹ má jà. Màmá mi ò gbọ́ òyìnbó tó fọ́ọ̀mù yẹn ńkọ́?

Lékan B'ham: Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ fojú ara yín rí ẹsẹ̀ wọn kẹ́ ẹ tó tẹ nọ́ńbà.

Ṣadé: Nọ́ọ̀sì, pọtásíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ mi lọ sókè, wọ́n sì ní èròjà yẹn pọ̀ nínú iṣu, ṣé iṣu ti parí fún mi ni?

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn: Ẹ gé e kéékèèké, ẹ fi omi púpọ̀ sè é, ẹ da omi ẹ̀ nù kí pọtásíọ́mù ẹ̀ lè dín kù, ẹ má sì jẹ ẹ́ jù. Ẹ bi àwọn tó ń tọ́jú yín ní iye tẹ́ ẹ lè jẹ.

Ṣadé: Ṣé mo lè gún un?