Ohun tó ń ba iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọnà jẹ́ kí ọjọ́ ìgbéléwọ̀n tó pé

Olùdarí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará iléèwé ọnà. "Ojú mi rí màbo ní ND kìíní" ti pọ̀ jù níbí, a ò fẹ́ ìyẹn lónìí. Àwọn ọmọ tuntun ń wọlé sí Yábàá, sí Ifẹ̀, sí Auchi. Ẹ sọ ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ fún wọn, ẹ sọ ohun tó fà á, kí ẹ sì sọ bí a ṣe ń dènà rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ẹ̀ka rẹ̀ dénú ni kó kọ̀wé.

Fún àwọn òbí tó ń kà á: ní poli, ọdún méjì ni ND (National Diploma), ọmọ á sì fọwọ́ kan gbogbo ẹ̀ka, látorí yíya àwòrán, kíkùn àti ère dórí amọ̀, aṣọ àti graphics. Á lọ ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, fún ọdún kan, kó tó padà wá ṣe HND (Higher National Diploma) ọdún méjì nínú ẹ̀ka kan péré. Torí náà, ẹni tó ń sọ pé "painting ni mo bá wá, kí ni mo fẹ́ fi amọ̀ ṣe" ń tan ara rẹ̀ jẹ. Máàkì amọ̀ wà nínú GP rẹ̀, ìyẹn àpapọ̀ máàkì rẹ̀.

Alámọ̀

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀ka tiwa ni iṣẹ́ ti ń bú gbàù.

Wọ́n máa ń sọ fún ọmọ pé afẹ́fẹ́ tó há sínú amọ̀ ló ń fọ́ ọ nínú iná. Irọ́ ni. Omi ni. Omi tó bá di ooru máa ń fẹ̀ ju ìlọ́po 1,600 lọ, tí kò bá sì rí ọ̀nà jáde, á fọ́ ara ìkòkò. Ìkòkò tó ní ihò afẹ́fẹ́ nínú ṣùgbọ́n tó gbẹ dénú á la iná já. Èyí tí kò ní ihò kankan ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ ṣì tutù á bú. A ń po amọ̀ dáadáa kó lè rí bákan náà jálẹ̀, kí ó má baà máa ta ọwọ́ nù lórí kẹ̀kẹ́ tí a fi ń mọ ìkòkò. Ẹ fi wáyà gé e sí méjì wò: bí ojú ibi tí ẹ gé bá dán, tí kò ní ihò, ó ti pò.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí orí tí àwọn ọmọ ND ń mọ ni pé wọ́n ń fi í sílẹ̀ láìgbẹ́ inú rẹ̀. Orí tí inú rẹ̀ nípọn tó ìka mẹ́rin kì í gbẹ tán kí wọ́n tó kó iṣẹ́ sínú iná, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó bá ti lè dúró fúnra rẹ̀, tí ọ̀bẹ ṣì ń gé e láìfọ́, ẹ fi wáyà gé àtàrí rẹ̀ kúrò, ẹ fi ṣíbí gbẹ́ inú rẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi kù bíi sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ yíká. Ẹ wá ha ojú méjèèjì, ẹ fi amọ̀ tí a fi omi pò kí ó ki kùn ún, ẹ dá àtàrí padà. Ẹ dá ihò kékeré kan sí ìsàlẹ̀ ọrùn, níbi tí kò hàn, kí ooru lè rí ibi gbà jáde. Ti ìkòkò lílò kò gbọdọ̀ ju mílímítà 6 sí 8 lọ.

Etí ife (ibi tí a fi ń dì í mú) tó ń já: amọ̀ ń sún kì bó ṣe ń gbẹ. Bí ara ife bá ti gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó lẹ etí tútù mọ́ ọn, etí á sún kì ju ara lọ, á sì ya. Ẹ fi ọ̀rá wé ara ife títí etí á fi ṣe tán, kí ẹ sì tún fi ọ̀rá bo gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ tán, ó kéré tán títí di ọjọ́ kejì.

Ní Èkó, nígbà òjò, ẹ fún iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì lórí pákó, kì í ṣe lórí sìmẹ́ǹtì, kí afẹ́fẹ́ lè dé ìdí rẹ̀. Ẹ gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Bó bá tutù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, omi ṣì wà níbẹ̀. Tí ẹ bá kó o sínú kiln, ìyẹn ààrò tí a fi ń sun amọ̀, ẹ má pa ilẹ̀kùn dé pátápátá, kí iná má sì kọjá 100°C fún wákàtí mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹ máa gbé e díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì rọra nígbà tó bá ń súnmọ́ 573°C, torí quartz, irú òkúta kan tó wà nínú amọ̀, máa ń fẹ̀ lójijì níbẹ̀. Iná àkọ́kọ́ ń parí láàárín 900 sí 1,000°C. Tó bá ń tutù, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní 573°C, èyí ló fi jẹ́ pé ẹni tó bá ṣí kiln torí ìkánjú ló máa ń gbọ́ "táá". Ẹ dúró kó wá sí ìsàlẹ̀ 100°C.

Bí iná bá lọ nígbà tí kiln oníná ẹ̀lẹ́tíríìkì ń jó (á sì lọ), ẹ má ṣí i. Ẹ jẹ́ kó tutù ní pípadé, kí ẹ tún un gbé láti ìsàlẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Iná àkọ́kọ́ kò ní bàjẹ́ nítorí ìyẹn.

Ọmọ ND kìíní

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àwọn ìyá Ìpetumodù kì í lo kiln rárá, ìta gbangba ni wọ́n ti ń sun ìkòkò. Kí ló dé tí tiwọn kì í bú?

Alámọ̀

Ìbéèrè tó dára. Amọ̀ tí wọ́n ń lò láti sun ìkòkò níta máa ń rí kọ́rọkọ̀rọ, ó ní nǹkan oníyanrìn nínú, ooru ń rí ojú gbà jáde. Amọ̀ kúnná kò lè fara da iná tó yára bẹ́ẹ̀. Ẹ lè ṣe irú rẹ̀ níléèwé. Ẹ gún àpáàdì, ẹ fi asẹ́ jọ̀ ọ́, ẹ po kílò kan sí méjì mọ́ kílò mẹ́wàá amọ̀. Ẹ fi ìbòmú bo imú tí ẹ bá ń gún un, eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kì í sì í jáde. Àti pé kí ẹnikẹ́ni má fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ yìí: Ladi Kwali, amọ̀kòkò tó wà lẹ́yìn owó náírà 20, amọ̀ ló fi dé ibẹ̀.

Aláró

Ẹ̀yin àbúrò, aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó yẹ aró wò. Ìdajì àwọn tó ń sunkún pé "aró ò mú" ló jẹ́ pé pọlisítà ni wọ́n rà. Ẹ fa okùn díẹ̀ jáde létí aṣọ níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ ṣáná sí i. Òwú á jó bí ìwé, eérú rẹ̀ á fúyẹ́, á fẹ́ lọ. Pọlisítà á yọ́, á sì di kókó dúdú líle. Tẹ̀rú àti buròkéèdì olówùú ni kí ẹ lò. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ọ́ kí ẹ tó ya ohunkóhun sí i, torí sítáàṣì ilé iṣẹ́ kì í jẹ́ kí aró wọlé.

Aró ìgbàlódé: ìwọ̀n tí a sábà fi ń kọ́ ọmọ ni aró ṣíbí kan, kọ́sítíìkì sódà ṣíbí kan, háídírọ́ọ̀sì (kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí aró lè wọ aṣọ) ṣíbí méjì. Ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ yọ́ aró, ẹ rọra da kọ́sítíìkì sí i, kí háídírọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e. Kọ́sítíìkì ni ẹ ń da sínú omi. Ẹ má ṣe da omi lé kọ́sítíìkì lórí láé, á ta sí yín lójú. Ìbọ̀wọ́ gígùn, ìbòmú, ìta gbangba. Ẹ má lo abọ́ alumíníọ́ọ̀mù, kọ́sítíìkì á jẹ ẹ́, á sì máa hó. Ike tàbí abọ́ tánganran ni kí ẹ lò. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tó bá jẹ́ aró búlúù, ojú rẹ̀ á ní awọ tó ń dán, ṣùgbọ́n omi ìsàlẹ̀ á ti di àwọ̀ ewé pupa rúsúrúsú. Bí omi ìsàlẹ̀ bá ṣì jẹ́ búlúù, háídírọ́ọ̀sì kò tó tàbí ó ti kú nínú ọ̀rá tí wọ́n ṣí sílẹ̀.

Aṣọ gbọ́dọ̀ ti tutù kó tó wọlé. Ẹ rì í mọ́lẹ̀, ẹ máa yí i lábẹ́ omi, kí apá kankan má yọjú. Ibi tó bá yọjú ni àbàwọ́n tí ẹ máa rí lọ́la. Tí ẹ bá fà á jáde, á rí bí ewé, á wá máa di búlúù lójú yín bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń kàn án. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ dé gbogbo ibi; ibi tó bá ká mọ́ra á yàtọ̀. Ẹ fún aṣọ ní ìsinmi yìí láàárín rírì kan sí ìkejì, torí fífi aṣọ sínú aró fún wákàtí kan kò tó rírì mẹ́ta kúkurú. Ẹ ṣan án títí omi á fi mọ́, kí ẹ sì da ọtí kíkan díẹ̀ sí omi ìkẹyìn. Kọ́sítíìkì tó kù nínú aṣọ lè bà á jẹ́.

Àwọn tó ń fi ìda ṣiṣẹ́: ẹ wo ẹ̀yìn aṣọ. Bí ìda kò bá hàn lẹ́yìn, kò gbóná tó, orí aṣọ ló wà, aró á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Bó bá ń rú èéfín, ó ti gbóná jù, ó lè gbiná. Kí omi aró sì ti tutù kí aṣọ oníìda tó wọ inú rẹ̀.

Ọmọ ND kìíní

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí a ń fi ẹ̀kọ ya, ńkọ́, ìyá wa? Tèmi máa ń ṣí kúrò.

Aláró

Ẹ kò se é jinná, tàbí ẹ ń fún aṣọ. Láfún ni, a máa ń fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ àti bulusítóònù sí i, kí a sè é títí á fi ki. Ìyẹ́ adìyẹ ni àwọn obìnrin Ìbàdàn fi ń ya á, ní Abẹ́òkúta, páànù tí wọ́n gé ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú nínú ìbòòji kí ẹ tó mú un dé inú aró. Ẹ má fún un, ẹ má ká a: ẹ gbé e sókè kí omi ro dànù. Ẹ̀kọ kì í dí aró pátápátá, torí bẹ́ẹ̀ ni ìlà rẹ̀ fi máa ń jẹ́ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe. Tí olùkọ́ bá fẹ́ funfun báláú, ìda ni kí ẹ lò.

Oníkánfáàsì

Tiwa kò gùn. Kánfáàsì tó rọ̀: ẹ máa bẹ̀rẹ̀ kíkàn láti àárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìṣó kan sí iwájú, kan sí òdìkejì, kí ẹ máa lọ sí igun. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti igun á ní ìkájọ tí kò ní kúrò. Fún ọ̀dà ìpìlẹ̀ (primer), ẹ kun án lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ fi páálí ìyanrìn 220 nù ún láàárín.

Ọ̀dà olóróró kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ; afẹ́fẹ́ ló ń mú un le. Nítorí náà, ìpele ìsàlẹ̀ ni ẹ fi turpentine là, ti òkè ni kí ẹ fi òróró linseed sí. Ẹ yí i padà, òkè á ti le nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì ń sún, á sì sán. A lè fi olóróró lé acrylic (ọ̀dà olómi) lórí, a kò lè fi acrylic lé olóróró lórí.

Ẹni tó ń kà lókèèrè

Gbogbo wa la ń lo kẹrosíìnì, ọ̀gá. Turpentine wọ́n.

Oníkánfáàsì

Ẹ fi fọ búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wá fi ọṣẹ fọ ọ́ tẹ̀ lé e. Tó bá wọ inú ọ̀dà, ó ń fi ọ̀rá sílẹ̀, ọ̀dà á máa lẹ̀ mọ́ ìka fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀yin tó sì ń sáré kun aṣọ inú àwòrán ní búlúù kan ṣoṣo, ẹ wá iṣẹ́ ayàwòrán Yusuf Grillo wò. Ó ju ogún ọdún lọ tó fi darí ẹ̀ka ọnà ní Yábàá. Ẹ ka iye búlúù tó wà nínú gèlè kan péré.

Ayàwòrán

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ní kíláàsì yíya ara ènìyàn, ẹ wọn orí: àgbàlagbà tó dúró ń sún mọ́ orí méje àbọ̀, ojú sì wà ní àárín orí, kì í ṣe ní ìdá mẹ́ta òkè. Ní kíláàsì gbígbẹ́ igi lọ́nà Yorùbá, ẹ gbàgbé ìwọ̀n yẹn, torí orí ère tiwa máa ń gba ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí nínú mẹ́rin gbogbo ara, olùkọ́ á sì mọ̀ bí ẹ bá gbé ìwọ̀n kan lọ sínú èkejì.

Agraphics

Ṣómólú, níbi tí a ti ń tẹ̀wé ní Èkó, kì í dárí jini. Ẹ kó iṣẹ́ yín sí CMYK (cyan, magenta, yellow àti dúdú tó ń jẹ́ K, àwọ̀ mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò) kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní ìparí. Búlúù tí ẹ rí lójú kọ̀ǹpútà á di àlùkò lórí ìwé bí magenta bá sún mọ́ cyan jù; ẹ fi ìyàtọ̀ tó ó kéré tán ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún sáàárín wọn. Ẹ fi mílímítà 3 kún etí kọ̀ọ̀kan fún gígé. Fọ́tò, 300 dpi ní ìwọ̀n tí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sí. Lẹ́tà kéékèèké dúdú, K 100 nìkan, torí bí wọ́n bá fi àwọ̀ mẹ́rin tẹ̀ ẹ́, àwo kan á yẹ̀ díẹ̀, lẹ́tà á sì ní òjìji. Pàtàkì fún àwa tó ń kọ Yorùbá: ẹ sọ lẹ́tà di curves, ìyẹn àwòrán tí kò nílò fọ́ǹtì mọ́, kí ẹ tó gbé fáìlì jáde. Bí kọ̀ǹpútà wọn kò bá ní fọ́ǹtì yín, ohun àkọ́kọ́ tó ń sá lọ ni àmì orí àti ti abẹ́. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà tí a kò tíì sọ di curves síbòmíràn, ẹ ṣì máa ṣàtúnṣe sí i.

Alámọ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un fún gbogbo ẹ̀ka. Ẹ ya fọ́tò iṣẹ́ kí ẹ tó gbé e sílẹ̀ fún ìgbéléwọ̀n, torí iléèwé lè mú èyí tó dára jù sọ́dọ̀. Òwúrọ̀, nínú ìbòòji, kí fílàṣì wà ní pípa, aṣọ eléérú lẹ́yìn rẹ̀ fún amọ̀ àti ère. Fún kánfáàsì, kí ojú kámẹ́rà dọ́gba pẹ̀lú àárín rẹ̀ gan-an, kí ẹ jìnnà sẹ́yìn kí ẹ wá fà á súnmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á tẹ̀. Ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, ohun tí ẹ fi ṣe é àti ọdún rẹ̀ sínú orúkọ fáìlì lójú ẹsẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti fẹ́ lọ ṣe IT ni wọ́n á ti kọ́kọ́ béèrè rẹ̀.